Ọ̀fẹ́ Tí Kò Sí Lórí Pẹpẹ

Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé obìnrin tó bá fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí kò ní san kọ́bọ̀ lórí oògùn rẹ̀ mọ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni o, oníhóró ni o, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tí a máa pè ní tapá níhìn-ín, ni o, èyí tí wọ́n ń fi sílé ọmọ ni o, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúpẹ́. Ohun tí ìkéde náà kò sọ ni ẹni tó máa gbé oògùn ọ̀fẹ́ ọ̀hún láti ilé ìkẹ́rùsí ìjọba ní Òṣòdì dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ dé Òkè-Àgbè, àti láti Òkè-Àgbè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní Afin-Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Kò sì sọ ohun tí obìnrin máa ṣe lọ́jọ́ tó bá débẹ̀ tí wọ́n ní ó ti tán.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Afin, ká má dárúkọ rẹ̀, torí irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìrùn, ó pọ̀ ní Àjọwá, ó pọ̀ ní gbogbo abúlé tó fara ti òkè ní Àkókó. Ó ń yan gààrí, ó ń dáko ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ọmọ kẹta ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò fẹ́ oyún mìíràn títí ọmọ yìí yóò fi wọ iléèwé. Ó fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Bí orí bá bá a ṣe é, nọ́ọ̀sì wà lórí ìjókòó. Bí orí bá tún bá a ṣe é sí i, nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki tapá bọ abẹ́ awọ ló bá níbẹ̀. Oògùn ńkọ́? "Ìyá ọmọ, ó ti tán o. Ẹ gbìyànjú Ìkàrẹ́ wò."

Ìkàrẹ́ túmọ̀ sí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ó túmọ̀ sí odidi ọjọ́ kan tí agbada gààrí kò ní gbóná. Ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ọ̀nà Àkókó kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń rìn láìwẹ̀yìn, nítorí àwọn ajínigbé. Níbi tí oògùn bá sì wà pàápàá, wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ lọ ra ìbọ̀wọ́, òwú, síríǹjì àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, kí wọ́n tó lè fi ọ̀fẹ́ náà sí i lápá. Ó padà sílé. Oṣù kan ò pẹ́ kó pé, oyún kì í sì í dúró de ẹrù tó ń bọ̀ láti Òṣòdì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìfètòsọ́mọbíbí nílẹ̀ wa, àlàyé kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn aláṣẹ: àwọn obìnrin ìgbèríko ò fẹ́, ẹ̀sìn ò gbà fún wọn, ọkọ ò gbà fún wọn, ojú wọn ò tíì là. A ò sọ pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà. Nínú ìwádìí ńlá lórí iye ènìyàn àti ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ sinmi ọmọ bíbí fúngbà díẹ̀, tàbí kí àwọn dá a dúró pátápátá, àmọ́ tí wọn ò lo nǹkan kan, jẹ́ 19. Àwọn tó ń fẹ́ tí wọn ò ní pọ̀ ju àwọn tó ní lọ. Bí ọjà kan bá wà tí àwọn tó ń wá a ju àwọn tó rí i rà lọ, ṣé oníbàárà la máa lọ máa kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ pé ọjà náà dára?

Ìwádìí kan náà sọ pé obìnrin Nàìjíríà kan ń bí ọmọ bíi 5.3 nígbà ayé rẹ̀, àti pé nínú 100,000 ìgbà tí wọ́n bá bímọ láàyè, ó tó 512 obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ ń gba ẹ̀mí wọn. Nígbà tí wọ́n tún kà á lọ́dún 2023 sí 2024, iye ọmọ ti wálẹ̀ sí 4.8. Àwọn obìnrin fúnra wọn ti ń dín in kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òfo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe é: wọ́n ń ka ọjọ́ orí ìka, wọ́n ń bẹ ọkọ kó tètè bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà.

Ká tó dá ẹ̀sìn àti àṣà lẹ́bi, ó yẹ ká rántí pé àwọn ìyá wa àgbà fètò sọ́mọ bíbí kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ. Obìnrin tó bá bímọ kì í padà sórí ẹní ọkọ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, èyí sì lè tó ọdún méjì, ó lè tó mẹ́ta. Ẹni tó bá lóyún lórí ọmọ ọwọ́, ìtìjú ni fún tọkọtaya. Wọ́n gbà pé àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́, pé ọmọ á rù, pé ọmọ lè kú. Ìyá ọkọ ló sábà máa ń ṣọ́ ìyàwó, ọmọ a sì sùn láàrin ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà. Nígbà tí John Caldwell àti Pat aya rẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Ọsirélíà, ṣe ìwádìí nílẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1970 sí 1979, ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni bí àṣà yìí ṣe rinlẹ̀ tó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1977 pé ìtakété yìí gan-an ló ń fi àyè sí àárín ọmọ kan sí èkejì láàrin wa. Nínú Kùránì pẹ̀lú, Súrà Bàkárà, àyà 233, ọdún méjì gbáko ló pè fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú délẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì fúnra wọn ṣe azl, ìyẹn ni pé kí ọkùnrin fà sẹ́yìn kó tó dà, hàdíìsì sì jẹ́rìí sí i. Àwọn Mùsùlùmí Ìkàrẹ́ tó mọ ìwé mọ èyí dáadáa, bí wọn ò tiẹ̀ sábà sọ ọ́ lórí mínbárì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àṣà náà? Ilé ìwé dé, ṣọ́ọ̀ṣì ọlọ́kọ kan aláya kan dé, yàrá kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó rọ́pò agbo ilé. Ìyá ọkọ wà ní Afin, ìyàwó wà ní Ìjàpò ní Àkúrẹ́, ọkọ kò sì ní ibòmíì tó máa sùn sí. Àṣà àtijọ́ jáde tán kí ohun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ tó wọlé. Ohun tó ṣẹ́ kù nígbèríko ni òrùka àti ìgbàdí. A ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló fọkàn tán wọn, àmọ́ iye ọmọ tí wọ́n bí sórí òrùka ní Àkókó yìí kò kéré.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí àlàfo náà, ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Wọ́n dá Àjọ Ìfètòsọ́mọbíbí Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọladapọ Ladipọ àti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Grace Delano ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo alága ìjọba ìbílẹ̀ Àkókó lọ kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, àwọn ará UCH kó oògùn jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn lọ sí àwọn abúlé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà. Wọn ò dúró de obìnrin kó wá. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní abúlé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, bí wọ́n ṣe máa pín oníhóró àti rọ́bà, irú èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní kó lọ rí nọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, wọ́n mú un wọ ọjà Ìbàdàn, níbi tí àwọn ìyálọ́jà ti ń ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ àti aṣọ. Àwọn dókítà kan bínú. Wọ́n ní bí òpè bá ń pín oògùn, èèyàn á kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin tí kò lè kúrò nídìí igbá rẹ̀ rí oògùn láàárín ọjà. Ladipọ àti Delano ló padà jọ dá ARFH, àjọ tó ń rí sí ìlera ìbímọ àti ẹbí, sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1989, ó sì wà títí dòní.

Ọdún 1988 ni ìjọba ológun ìgbà náà, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ìlera, gbé ètò ìmúlò lórí iye ènìyàn jáde: ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan. Àwọn obìnrin mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ pé wọn ò ka iye ọmọ ọkùnrin. Ẹni tó láya mẹ́ta lè bí méjìlá, kó sì wà láàárín ètò náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni King Sunny Ade, ọmọ Òǹdó, àti Onyeka Onwenu jọ kọ orin méjì fún ìfètòsọ́mọbíbí, "Wait for Me" àti "Choices", rédíò sì lù ú títí ojú fi mọ́. Orin náà dùn, ìgbìmọ̀ tó ṣe é mọṣẹ́. Owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà wá, ẹ yẹ ohun tó wà nídìí ọ̀pọ̀ ètò ìfètòsọ́mọbíbí ní Nàìjíríà wò, owó àjèjì lẹ máa bá níbẹ̀. Ètò NURHI tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, tí àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń rántí nítorí eré orí rédíò rẹ̀, owó ilé-iṣẹ́ àánú Bill Gates ni. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn obìnrin tó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé pọ̀ sí i níbi tó dé. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Àkókó kò sí nínú wọn, kò sì sí bí yóò ṣe wà níbẹ̀, torí ẹni tó ń náwó rẹ̀ ló ń yan ibi tó máa ná an sí. Oògùn tó wà lórí pẹpẹ ilé ìwòsàn alábọ́dé pàápàá, UNFPA, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí iye ènìyàn, ló sábà ń bá wa rà á, owó rẹ̀ sì máa ń wá tẹ́lẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bìrìtìkó, Amẹ́ríkà, Kánádà àti àwọn mìíràn.

Agbójúlógún fira rẹ̀ fóṣì ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fi òfin dá ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ti ilẹ̀kùn USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, pa. Wọ́n kọ̀ láti fún UNFPA lówó mọ́. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ti rà tán, tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 9.7 dọ́là, wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ yẹ kó wá sí Áfíríkà, ìjọba Amẹ́ríkà sì ní àwọn máa sun ún. Àwọn àjọ kan bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní rárá. Èèyàn lè bínú sí Amẹ́ríkà bó bá wù ú. Àwa bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n owó wọn ni, ọmọ wa sì ni.

Kí ni ìjọba tiwa wá ṣe lọ́dún kan náà? Nínú ìsúná ọdún 2024, bílíọ̀nù 2.2 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìfètòsọ́mọbíbí. Ti ọdún 2025 wá di mílíọ̀nù 66 náírà. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe pé wọ́n gé e sí méjì. Nínú náírà 100 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, náírà mẹ́ta ló kù. Ìyẹn lọ́dún tí àwọn ilé aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 300 bílíọ̀nù náírà kún owó ìlera, wọ́n ní àwọn fi ń dí àlàfo tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀. Àlàfo àwọn obìnrin kò hàn sí wọn bó ti yẹ.

Nítorí náà ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí Àkúrẹ́ àti sí Àkókó, a ò kọ ọ́ sí Àbújá. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti fi hàn rí pé òun lè ṣe ohun tí Àbújá ò ṣe. Nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò di gómìnà lọ́dún 2009, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Wọ́n bi ara wọn léèrè pé kí ló ń pa aboyún, wọ́n sì rí i pé ìdádúró ni: kí aboyún tó pinnu láti lọ, kó tó rí ohun tó máa gbé e, kí wọ́n tó dá a lóhùn nílé ìwòsàn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé aboyún délé. Wọ́n ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé aboyún. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ dìde ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2010, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni wọ́n gbé Àgbẹ̀bíyè jáde, tó pe àwọn ẹlẹ́wẹ́ ọmọ àti àwọn ìyá àbíyè inú ṣọ́ọ̀ṣì jọ, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn àti owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fà wọ́n mọ́ra kí wọ́n lè máa gbé aboyún lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ayé gbọ́, Báǹkì Àgbáyé yìn wọ́n.

Ètò tó dára ni. Àmọ́ ẹ fi ojú inú wò ó: gbogbo ohun tí a kà yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún ti dúró. Ìpínlẹ̀ náà ra kẹ̀kẹ́ láti gbé obìnrin tí oyún ń fún, kò sì fi irú ìtara bẹ́ẹ̀ ra ohun tí kò ní jẹ́ kí èyí tí kò fẹ́ oyún lóyún. Obìnrin tó ti bí márùn-ún ní Ọ̀kà, tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kó má ṣe tún bí mọ́, ìgbà tó bá tún lóyún ni ìjọba tó mọ̀ ọ́n. Bí a bá ka àwọn ìdádúró yẹn dáadáa, ọ̀kan wà ṣáájú gbogbo wọn, òun ni oṣù tí abẹ́rẹ́ tán nílé ìwòsàn alábọ́dé.

Ọ̀rọ̀ tún wà tí owó nìkan ò lè yanjú, àwọn tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ló kàn. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń sọ fún obìnrin pé kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá kó wá fọwọ́ sí i. Kò sí òfin Nàìjíríà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 34, ìyá ọmọ mẹ́rin, tó ń san owó iléèwé wọn láti inú gààrí, kò nílò ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. A mọ ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣe é. Ọkọ lè wá bá wọn jà, ìlú sì kéré, gbogbo èèyàn ló mọ ara wọn. Ohun tó yẹ ni kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun pé wọn ò gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè nawọ́ sí ìwé náà nígbà tí ọkọ bá dé pẹ̀lú ìbínú. Ọkọ tó bá fẹ́ bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ilé láti sọ ọ́. Bó bá sì fẹ́ dá sí i gan-an, rọ́bà wà, iṣẹ́ abẹ kékeré fún ọkùnrin náà sì wà, tó yára tó sì rọrùn ju ti obìnrin lọ. Ní Nàìjíríà ẹ lè fi iná wá ọkùnrin tó ṣe é, ẹ ò ní tètè rí i.

Ti àwọn ọ̀dọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkúngbá, láàárín Àkókó gan-an. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, bó bá wọ ilé ìwòsàn alábọ́dé wá béèrè ìfètòsọ́mọbíbí, ojú tí wọ́n máa fi wò ó ti tó láti lé e jáde. Ibi tó máa gbà lọ ni kẹ́míìsì. Ó máa ra oníhóró tí wọ́n ń lò láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ó sì lè máa lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń jẹ oògùn ibà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti pàjáwìrì ni. Èyí tí kò lówó á mu omi iyọ̀, á mu ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú káún, á mu kunínì, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ara nìkan ni wọ́n ń dá lóró. Nígbà tí oyún bá sì dúró, òfin dúró tì í. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn tó wà ní ìhà gúúsù, ẹni tó bá bá a ṣẹ́ oyún lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura, òun fúnra rẹ̀ lè gba ọdún 7. Òfin náà kò dá ìṣẹ́yún dúró. Ó kàn gbé e wọ ibi òkùnkùn. Àwọn olùwádìí fojú bù ú pé ìṣẹ́yún tó wáyé ní Nàìjíríà lọ́dún 2012 nìkan tó mílíọ̀nù 1.25. Ẹni tó bá kórìíra ìṣẹ́yún tọkàntọkàn, tó sì ń dí ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí, ó yẹ kó jókòó ro èyí.

A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń polówó oògùn. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta máa ń dá nǹkan oṣù rú: àwọn kan á máa rí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn mìíràn kò ní rí i rárá fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú. Ẹni tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lè tó oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lóyún. Bí nọ́ọ̀sì ò bá sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀, ìyàwó ilé kan ṣoṣo tó bá ń sunkún pé abẹ́rẹ́ ti ba ilé ọmọ òun jẹ́ ti tó láti tú àdúgbò kan ká. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí àgàn ti ń jẹ ìyà ojú àti ìyà ọ̀rọ̀, obìnrin tó bẹ̀rù kí ọ̀nà ọmọ má dí pátápátá mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Àlàyé tó péye ló ń wò ó sàn, kì í ṣe ìbáwí. Nọ́ọ̀sì tó ń dá wo èèyàn ogójì láàárọ̀ ò sì ní àyè àlàyé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bí méjì tàbí mẹ́ta. Íńdíà fipá ṣe iṣẹ́ abẹ fáwọn ọkùnrin láàárín ọdún 1975 sí 1977, ìjọba tó ṣe é sì wó nínú ìbò. Ṣáínà ní ọmọ kan ṣoṣo, ó wá ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ lónìí kí wọ́n jọ̀wọ́ bímọ. Ẹni tó fẹ́ bí mẹ́jọ ní Afin tó sì lágbára rẹ̀, kó bí mẹ́jọ. Ohun tí a ń bèèrè ni kí ẹni tó fẹ́ dúró lórí mẹ́ta lè dúró lórí mẹ́ta.

Ó ṣeé ṣe. Ní Rùwáńdà, nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 10 ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé lọ́dún 2005. Nígbà tó fi di 2010, wọ́n ti di 45. Orílẹ̀-èdè olókè ni Rùwáńdà bíi Àkókó, kì í sì í ṣe olówó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní abúlé, àwọn tí ará abúlé fúnra wọn yàn, wà lára àwọn tí wọ́n lò, ìjọba sì ń ṣọ́ ọ kí oògùn má baà tán. Nàìjíríà náà ti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé láàyè tipẹ́ pé kí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa fi tapá sí obìnrin lápá, bí wọ́n bá ti kọ́ wọn. Àṣẹ wà. Ẹni tí wọ́n kọ́ ò tó.

Irú abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kan tún ti dé tó kéré, tí oògùn rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí obìnrin lè fi gún ara rẹ̀ ní itan tàbí níkùn lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ ọ. Obìnrin Afin tó bá gba mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ti bọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà Ìkàrẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí Àkókó bá ní ìwọ̀nba owó tí kò tó láti ra ohun gbogbo, èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà ní Àkókó: Àríwá-Ìlà-Oòrùn tó fi Ìkàrẹ́ ṣe ibùjókòó, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Òkè-Àgbè, Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Ọ̀kà, àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn tó wà ní Ìṣùà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn alága jó lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí wọ́n jó, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi owó lé lọ́wọ́ ò lè máa tọ́ka sí Àkúrẹ́ mọ́ nígbà tí síríǹjì bá tán ní Afin. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ra oògùn náà, kí wọ́n rà á pọ̀ kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀. Kí Gómìnà Lucky Ayédatiwa fi iye kan náà lé ohun tí wọ́n bá dá, kó sì ní kí àjọ ìlera alábọ́dé ìpínlẹ̀ máa fi ọkọ̀ pín in dé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀sì má máa wọ ọ̀kadà lọ sí Òkè-Àgbè fowó ara rẹ̀ láti lọ gbé e.

Kí àwọn ìyálọ́jà Ìkàrẹ́ wà nínú ètò náà bí ti Ìbàdàn ìgbà Delano ṣe rí, nítorí ní ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin tó ń ti ìletò káàkiri Àkókó wá síbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń wọ ilé ìwòsàn kankan lọ. Kí wọ́n kọ́ àwọn oníkẹ́míìsì tó ti ń ta oògùn náà láìgbẹ̀kọ́. Kí owó ìbọ̀wọ́ àti òwú wà nínú ìsúná, kó má baà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló máa tún di gbèsè lórí ẹní ìtọ́jú.

Ní òpin ọdún, nígbà tí wọ́n bá ń ka ìsúná ọdún tó ń bọ̀ níwájú àwọn kánsẹ́lọ̀, kí ìfètòsọ́mọbíbí wà níbẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n má fi pamọ́ sábẹ́ "ètò ìlera àti àwọn nǹkan mìíràn". Kí wọ́n kọ iye abẹ́rẹ́, iye tapá, iye oníhóró, àti ilé ìwòsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Afin, ní Ọ̀kà, ní Ìkàrẹ́ àti níbi gbogbo, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì alága, kí obìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé ó ti tán lè pe é níbi tó dúró sí.